Ààlà, Àna àti Òòfà: Ìtumọ̀ Púpọ̀ tí Ọ̀rọ̀ Kan Rù

Nínú àwọn ọ̀rọ̀ tí èdè Látìn fi sílẹ̀ fún àwọn èdè ilẹ̀ Yúróòpù, díẹ̀ ni ó tíì rìn jìnnà tó affinitas, èyí tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì ń pè ní affinity. Nínú ìwé òfin, okùn tí ó so ọkùnrin kan mọ́ àwọn ẹbí ìyàwó rẹ̀ ni. Nínú ìwé kẹ́mísírì, agbára tí ń mú kí èròjà kan lẹ̀ mọ́ òmíràn ni. Nínú ìwé àwọn tí ń ṣe ìwádìí ẹranko àti ewéko, ìbátan tí ó wà láàrin irú ẹ̀dá kan àti èkejì ni. Lẹ́nu àwọn tí kì í ṣe ọ̀mọ̀wé, kò ju kí ọkàn ẹnì kan máa fà sí ẹlòmíràn lọ. Ẹni tí ó bá fẹ́ túmọ̀ rẹ̀ sí Yorùbá yóò rí i pé kò sí ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo tí ó lè gbé e: yóò lo àna níhìn-ín, yóò lo ìbátan lọ́hùn-ún, yóò lo òòfà tàbí ìfàmọ́ra níbòmíràn, nígbà tí ó bá sì parí iṣẹ́ rẹ̀, òǹkàwé rẹ̀ kò ní mọ̀ pé ọ̀rọ̀ kan náà ni ó ti ń bá bọ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. Ìnira atúmọ̀ èdè yìí fi ìbéèrè kan pamọ́ sínú, èyí tí àwọn onísìn àti àwọn onímọ̀ ìjìnlẹ̀ ti ń jà lé lórí fún ìgbà pípẹ́: ṣé ohun kan náà ni ohun tí ń so ìdílé méjì pọ̀ nípa ìgbéyàwó àti ohun tí ń fa ọkàn mọ́ ọkàn, àbí ọ̀rọ̀ lásán ni ó kó wọn sínú agbọ̀n kan?

Gbòǹgbò ọ̀rọ̀ náà kò ní ìfẹ́ nínú rárá, kò sì ní ẹ̀jẹ̀ nínú. Ad ni "sí" tàbí "lẹ́bàá". Finis ni "òpin" tàbí "ààlà", irú ààlà tí ó wà láàrin oko ẹnì kan àti oko ẹnì kejì. Affinis, nígbà náà, ni ẹni tí ilẹ̀ rẹ̀ bá ti ẹni pààlà, orí èyí ni wọ́n sì gbé ìtumọ̀ àna lé. Modestinus, amòfin Róòmù kan tí ó gbé ayé ní ọ̀rúndún kẹta lẹ́yìn ìbí Kristi, ṣàlàyé rẹ̀ nínú gbólóhùn kan tí a tọ́jú sínú Digesta, àkójọ òfin tí Ọba Justinian gbé jáde ní 533. Ó ní ìdílé méjì tí kò tan mọ́ ara wọn ni ìgbéyàwó so pọ̀, tí ọ̀kan sì fi bẹ́ẹ̀ dé ààlà èkejì. Ó tún sọ pé àna kò ní ìpele, ìyẹn ni pé a kò lè máa kà á ní ìran kìíní, ìran kejì, bí a ti ń ka àwọn tí a jọ ti inú ẹ̀jẹ̀ kan wá. Bí a bá fara balẹ̀ wo àlàyé yìí, dídé ni ìdílé méjèèjì dé ààlà ara wọn. Amòfin náà kò sọ pé wọ́n ré e kọjá.

Èdè Yorùbá kò gba ọ̀nà oko dé ibẹ̀, ṣùgbọ́n ó mọ ìyàtọ̀ náà dájú. Ọ̀rọ̀ ìṣe tan, tí a ń gbọ́ nínú "ó bá mi tan" àti nínú ìbátan, ti ẹ̀jẹ̀ ni ní ìpìlẹ̀, lábẹ́ rẹ̀ ni a sì tún ti ya iyekan, tí í ṣe ọmọ ìyá ẹni, sọ́tọ̀ kúrò lára ọbàkan, tí í ṣe ọmọ baba ẹni. Àna kò sí lára ìwọ̀nyí. A kì í bí ènìyàn sínú àna, dídá ni à ń dá a, èyí ni ó fi jẹ́ pé ìdána ni orúkọ ayẹyẹ tí ń sọ ìdílé méjì di àna ara wọn. Ẹni tí ó bá jókòó sí gbọ̀ngàn ìdána ní Ìbàdàn tàbí ní Abẹ́òkúta yóò fojú ara rẹ̀ rí ààlà tí Modestinus ń sọ: àga ìdílé ọkọ wà lápá kan, àga ìdílé ìyàwó wà lápá kejì, àyè gbalasa kan sì wà láàrin, níbi tí alága ìdúró àti alága ìjókòó ti ń na ara wọn ní ọ̀rọ̀ dídùn. Nínú àyè yẹn ni ọkọ àti àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ ti ń dọ̀bálẹ̀ gbọọrọ. Níbẹ̀ ni wọ́n ti ń ka ìwé ìtọrọ ìyàwó sí etígbọ̀ọ́ gbogbo ènìyàn. Níbẹ̀ náà ni ọ̀pọ̀ ìdílé òde òní ti ń dá owó orí padà, tí wọn a ní àwọn kò ta ọmọ. Bí ìdílé méjèèjì bá ti di ọ̀kan ní tòótọ́, ta ni wọn ì bá dá owó padà fún?

Okùn náà kò tilẹ̀ rí bákan náà láti ìhà méjèèjì. Ọkọ ní àna, ṣùgbọ́n ilé tí ìyàwó wọ̀ kún fún ọkọ, nítorí pé gbogbo àwọn tí a ti bí síbẹ̀ kí ó tó dé, ọkùnrin àti obìnrin, ni ó ń pè bẹ́ẹ̀, débi pé yóò wá orúkọ mìíràn fún ọmọ ọdún mẹ́ta tí ń fa aṣọ mọ́ ọn lẹ́sẹ̀, nítorí pé orúkọ àbísọ rẹ̀ kò gbọdọ̀ ti ẹnu rẹ̀ jáde. Àwọn amòfin Róòmù kò ní irú èyí nínú ìwé wọn.

Àwọn onímọ̀ òfin ìjọ Kristẹni ni wọ́n ré ààlà náà kọjá. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ láti inú Jẹ́nẹ́sísì, níbi tí a ti sọ pé ọkùnrin àti aya rẹ̀ di ara kan, wọ́n sì tẹ̀lé ọ̀rọ̀ náà dé ibi tí ó parí sí: bí ọkọ àti aya bá jẹ́ ara kan, a jẹ́ pé àbúrò ìyàwó kò yàtọ̀ sí àbúrò ọkọ fúnra rẹ̀, ẹni tí ó bá sì fẹ́ ẹ ti fẹ́ ọmọ ìyá ara rẹ̀. Nítorí pé ara ni ó ń so okùn náà, ìbálòpọ̀ ni wọ́n gbé e lé, kì í ṣe ẹ̀jẹ́ ìgbéyàwó; ọkùnrin tí ó bá bá obìnrin kan sùn lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, láìsí pé a gbé e níyàwó fún un, ti di àna gbogbo ẹbí obìnrin náà, kò sì lè fẹ́ ẹ̀gbọ́n tàbí àbúrò rẹ̀ mọ́. Ohun tí Modestinus ní kò ní ìpele wá ní ìpele méje, bí ti ìbátan ẹ̀jẹ̀ gẹ́lẹ́, ó sì tún ń bí irú tirẹ̀, tí àna àna ẹni fi di àna ẹni. Ní ìlú kékeré tí gbogbo ilé ti ń fẹ́ ara wọn láti ìgbà ìwáṣẹ̀, ó di ohun tí ó ṣòro láti rí ẹni tí a lè fẹ́ láìjẹ̀bi.

Nígbà tí Póòpù Innocent Kẹta pe àpérò ńlá jọ sí Látẹ́ránì ní Róòmù ní 1215, àpérò náà dín ìpele méje kù sí mẹ́rin, ó sì gé àna àna ẹni kúrò nínú èèwọ̀. Ìdí tí ó fi ti iye yìí lẹ́yìn lè ya òǹkàwé òde òní lẹ́nu: mẹ́rin bá ìgbéyàwó mu nítorí pé oje mẹ́rin ni ó wà nínú ara ènìyàn, èròjà mẹ́rin ni a sì fi mọ ara náà. Oje mẹ́rin yìí, nínú ìmọ̀ ìṣègùn ìgbà náà, ni ẹ̀jẹ̀, kẹ̀lẹ̀bẹ̀, òróòro pupa àti òróòro dúdú. Èròjà mẹ́rin ni iná, atẹ́gùn, omi àti ilẹ̀. Àwọn onímọ̀ èròjà kò tíì sọ affinitas di iṣẹ́ ara wọn nígbà náà, ṣùgbọ́n ìjọ ti ń fi èròjà díwọ̀n okùn àna ná.

Ibi tí irú òfin bẹ́ẹ̀ lè gbé ènìyàn dé hàn nínú ọ̀rọ̀ Ọba Henry Kẹjọ ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Arthur, ẹ̀gbọ́n rẹ̀, fẹ́ Catherine ará Aragon ní November 1501, ó sì kú ní April 1502. Kí Henry tó lè fẹ́ opó ẹ̀gbọ́n rẹ̀, Póòpù Julius Kejì ní láti fún un ní ìyọ̀ǹda, ìgbéyàwó náà sì wáyé ní June 1509. Nígbà tí ó di 1527, tí obìnrin náà kò bí ọmọkùnrin tí ó yè fún un, ọba bẹ̀rẹ̀ sí tọ́ka sí Léfítíkù, ó ní ìwé mímọ́ ti ka aya arákùnrin ẹni léèwọ̀, àti pé kò sí póòpù tí ó lè yọ̀ǹda ohun tí Ọlọ́run kọ̀. Catherine dáhùn pé Arthur kò fọwọ́ kan òun rí. Bí ara kò bá sì pàdé ara, àna wo ni ó wà níbẹ̀? Àwọn tí ó gbèjà rẹ̀, tí Bíṣọ́ọ̀bù John Fisher jẹ́ ọ̀kan nínú wọn, ṣí Diutarónómì, tí ó pàṣẹ fún arákùnrin olóògbé láti fẹ́ opó tí kò bímọ. Ní ọdún 1527 yìí kan náà, Henry ń tọrọ ìyọ̀ǹda lọ́wọ́ Póòpù Clement Keje kí òun lè fẹ́ Anne Boleyn, nítorí pé òun ti bá Mary, arábìnrin Anne, lò pọ̀ rí. Ìpele àna kan náà ni: èyí tí ó fi ń lé ìyàwó kan jáde ni ó fẹ́ kí wọ́n gbójú fò kí òmíràn lè wọlé. Ó rọrùn láti bú ọba náà ní alágàbàgebè, ṣùgbọ́n òfin ni ó fún un ní àyè. Okùn tí a bá gbé lé ohun tí ó ṣẹlẹ̀ lórí ibùsùn kò ní ẹlẹ́rìí ju ẹni méjì lọ, ọ̀kan nínú àwọn méjèèjì yìí sì ti kú láti ọdún 1502.

Matthew Parker, bíṣọ́ọ̀bù àgbà Canterbury, gbé àtẹ àwọn tí ènìyàn kò gbọdọ̀ fẹ́ jáde ní 1563, àtẹ náà sì di ohun tí a ń bá nínú Ìwé Àdúrà Ìjọ Áńgílíkà. Arákùnrin ọkọ wà nínú rẹ̀. Nígbà tí àwọn míṣọ́nnárì CMS ti ìjọ yìí, tí Henry Townsend àti Samuel Ajayi Crowther wà lára wọn, fi dé Abẹ́òkúta ní 1846, opó ṣíṣú ni wọ́n bá níbẹ̀, ìyẹn ni pé àbúrò olóògbé, tàbí ọmọ olóògbé tí obìnrin mìíràn bí, a gba opó sọ́dọ̀ kí òun àti àwọn ọmọ rẹ̀ má baà tú kúrò nínú agboolé. Lójú ìdílé, ìgbéyàwó ti tẹ́lẹ̀ ni ó ṣì ń bá a lọ, nítorí pé agboolé ni ó gbé ìyàwó. Lójú àtẹ Parker, ohun ìríra ni. Kò sí ẹni tí ó lè sọ pé gbogbo opó ni ọkàn rẹ̀ fẹ́ ẹni tí ó ṣú u, àwọn tí ń yin àṣà náà lónìí a sì máa gbàgbé èyí. Ìjọ Àgùdà ní tirẹ̀ gbé okùn àna kúrò lórí ìbálòpọ̀ ní 1917, ó gbé e lé ìgbéyàwó tí ó bófin mu. Ìwé òfin rẹ̀ ti 1983 sì fi èèwọ̀ náà mọ sórí ìlà òkè àti ìsàlẹ̀, bí ìyá ìyàwó tàbí ọmọ tí aya bí fún ẹlòmíràn. Nínú òfin yìí, àbúrò olóògbé tí ó fẹ́ opó ẹ̀gbọ́n rẹ̀ kò rú òfin àna mọ́, ṣùgbọ́n ọmọ tí ó fẹ́ opó baba rẹ̀ ṣì rú u. Bí ó ti ya apá méjì opó ṣíṣú sọ́tọ̀ nìyẹn.

Al-Kùránì sọ ọ̀rọ̀ náà ní ṣókí. Nínú súrà Al-Furqān, ẹsẹ 54, a kà pé inú omi ni Ọlọ́run ti dá ènìyàn, tí ó sì fún un ní nasab, tí í ṣe ìbátan ti ìbí, àti ṣihr, tí í ṣe ìbátan ti ìgbéyàwó. Orísun kan ni a tọ́ka fún méjèèjì, síbẹ̀ orúkọ méjì ni wọ́n jẹ́, ọ̀kan kò sì gbé èkejì mì bí àwọn onímọ̀ òfin ìjọ ti mú kí ẹ̀jẹ̀ gbé àna mì.

Ní ti kẹ́mísírì, ní 1718 ni Étienne François Geoffroy gbé àtẹ mìíràn síwájú àwọn ọ̀mọ̀wé ní Paris. Òpó mẹ́rìndínlógún ni àtẹ náà ní, èròjà kan sì wà lórí òpó kọ̀ọ̀kan. Lábẹ́ rẹ̀ ni wọ́n to àwọn èròjà tí ó ń lẹ̀ mọ́ ọn sí, láti orí èyí tí ó dì mọ́ ọn jù títí dé orí èyí tí ó tètè ń fi í sílẹ̀. Ọ̀rọ̀ tí Geoffroy lò ni rapport, tí kò ju "ìbáṣepọ̀" lọ, nítorí pé àwọn ọ̀mọ̀wé tí ó wà láyìíká rẹ̀ kò fẹ́ràn láti gbọ́ nípa òòfà tí a kò fojú rí. Ṣùgbọ́n àwọn tí ó tẹ̀lé e pè é ní àtẹ affinité láìtijú. Ohun tí wọ́n ń wò kò ṣòro láti rí. Bí a bá rẹ òkúta búlúù, tí àwọn àgbẹ̀ kòkó fi ń gbógun ti àrùn tí ń sọ èso kòkó di dúdú, sínú omi, tí a sì ju ìṣó irin kan sí i, láàrin ìgbà díẹ̀ ìṣó náà yóò pọ́n, nítorí bàbà tí ó wà nínú omi ti wá bò ó lára. Bí ó bá pẹ́ sí i, omi náà yóò kúrò ní búlúù, yóò sì máa fara jọ àwọ̀ ewé tí ó ṣá, nítorí irin ti gba ipò bàbà nínú rẹ̀. Èyí ni ó fi jẹ́ pé wọ́n máa ń kìlọ̀ fún àwọn àgbẹ̀ kí wọ́n má pò ó sínú garawa onírin. Lójú ẹni tí ń wò ó, ó dà bí ẹni pé ìgbéyàwó kan tú, tí òmíràn sì so, Torbern Bergman ará Sweden sì pe irú nǹkan báyìí ní òòfà àṣàyàn nínú ìwé rẹ̀ ti 1775.

Goethe, akéwì Jámánì, mú orúkọ yìí fún ìwé ìtàn rẹ̀ ti 1809, Die Wahlverwandtschaften. Wahl ni yíyàn, Verwandtschaft ni ìbátan. Létí Yorùbá, orúkọ náà ń ta ko ara rẹ̀, nítorí pé ìbátan gan-an ni ohun tí ẹnikẹ́ni kì í yàn. Nínú ìtàn náà, Eduard àti Charlotte, tọkọtaya kan, gba ọ̀rẹ́ ọkọ tí í ṣe ọ̀gágun àti ọmọdébìnrin kan tí ń jẹ́ Ottilie sí ilé wọn, kò sì pẹ́ tí ọkàn ọkọ fi lọ sọ́dọ̀ ọmọdébìnrin, tí ọkàn aya sì lọ sọ́dọ̀ ọ̀gágun, gẹ́gẹ́ bí èròjà mẹ́rin tí ó pààrọ̀ ara wọn nínú ìgò. Àwọn ọkùnrin méjèèjì ti fi àpèjúwe ìgò yìí ṣàlàyé kẹ́mísírì kí ohunkóhun tó ṣẹlẹ̀. Charlotte nìkan ni ó béèrè ibi tí yíyàn wà: ó ní bí òun bá wò ó, ẹni tí ó kó àwọn èròjà náà sínú ìgò kan ni ó yàn. Ọ̀pọ̀ òǹkàwé ń gba ìtàn náà bí ẹ̀rí pé òòfà kò ṣe é kọ̀, wọ́n sì ti tipa bẹ́ẹ̀ gbójú fo ọ̀rọ̀ ẹni tí ó gbọ́n jù nínú ilé náà.

Ìmọ̀ kẹ́mísírì fúnra rẹ̀ sì gbè é. Claude Louis Berthollet tẹ̀lé Napoleon lọ sí Íjíbítì ní 1798, ó sì rí àwọn adágún tí kán-ún ń gbá jọ sí etí wọn. Àtẹ affinité sọ pé òdìkejì ohun tí ó rí ni ó yẹ kí ó ṣẹlẹ̀: nínú ìgò, kán-ún ni ó ń tú ká tí òkúta ẹfun àti iyọ̀ sì ń jáde, ṣùgbọ́n létí adágún, iyọ̀ pọ̀, òkúta ẹfun pọ̀, kán-ún sì ni wọ́n ń jọ bí. Berthollet parí èrò sí i, nínú ìwé tí ó gbé jáde ní 1803, pé agbára òòfà nìkan kọ́ ni ó ń pinnu ẹni tí yóò lẹ̀ mọ́ ẹni. Iye ohun tí ó wà nítòsí àti bí ibẹ̀ ti gbóná sí ń bá a pinnu. Ẹni tí ó bá sọ pé òun kò lè ṣe é tì nítorí òòfà ń fa òun gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ sọ ohun tí ó gbé òun dé etí adágún.

Darwin ní 1859 tún gba ibòmíràn. Àwọn onímọ̀ ẹ̀dá tí ó ṣáájú rẹ̀ ń sọ̀rọ̀ affinity láàrin ẹranko àti ẹranko bí àkànlò lásán. Ó ní òun gba ọ̀rọ̀ náà bí ó ti rí, nítorí pé baba ńlá kan náà ni ó bí wọn. Àbùùbùtán lúwẹ̀ẹ́ bí ẹja, síbẹ̀ ìbátan àwọn tí ń fọ́mọ lọ́mú ni. Bẹ́ẹ̀ ni ọ̀rọ̀ tí Modestinus fi ya àna sọ́tọ̀ kúrò lára ẹ̀jẹ̀ ṣe wá di orúkọ ẹ̀jẹ̀ gan-an. Max Weber ní tirẹ̀ lo ọ̀rọ̀ Goethe nínú ìwé rẹ̀ ti 1904 àti 1905 láti sọ bí ẹ̀sìn àwọn Pùrótẹ́sítáǹtì kan àti ìwà àwọn oníṣòwò ṣe pàdé láìjẹ́ pé ọ̀kan bí èkejì, nígbà tí Talcott Parsons sì túmọ̀ rẹ̀ sí Gẹ̀ẹ́sì ní 1930, ó yọ ìbátan àti yíyàn kúrò nínú rẹ̀ pátápátá, ó fi ọ̀rọ̀ àwọn oníṣirò rọ́pò wọn.

Nínú gbogbo ìwé tí ó bá ọ̀rọ̀ yìí tan, bóyá ìwé Rúùtù ni ó sún mọ́ ìtumọ̀ àkọ́kọ́ jù lọ, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé èdè Hébérù ni a fi kọ ọ́. Rúùtù ti Móábù wá, ní ìkọjá ààlà, ọkọ rẹ̀ sì ti kú láìbímọ. Kò sí ara kan tí ó ṣẹ́kù láti so ó mọ́ Náómì, ìyá ọkọ rẹ̀, Náómì tìkára rẹ̀ sì ní kí ó máa lọ sílé. Ópà, aya arákùnrin ọkọ rẹ̀, sunkún, ó sì padà, ìwé náà kò sì bá a wí. Kì í ṣe òòfà bí ti ìṣó àti bàbà ni ó mú èkejì dúró, nítorí pé ohun gbogbo tí ó wà nítòsí, oúnjẹ, ọkọ tuntun àti ilé baba, ẹ̀yìn ni ó ń fà á sí. Nígbà tí ó ti di aya Bóásì ní Bẹ́tílẹ́hẹ́mù tí ó sì bí ọmọkùnrin kan, Náómì gbé ọmọ náà sí àyà rẹ̀. Àwọn obìnrin tí ó sọ ọmọ náà ní Óbédì, tí wọ́n sì ń kéde káàkiri pé a bí ọmọkùnrin kan fún Náómì, aládùúgbò ni ìwé náà pè wọ́n.